Olóòtú Tuntun àti Iṣẹ́ Àgbà

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Àwọn àgbà kan náà ni wọ́n tún sọ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe kìíní ń kédàárò pé òtítọ́ kì í tètè rí ẹni rà á, ó sì ń fi bẹ́ẹ̀ pe ọmọ ènìyàn kí ó dúró tì í. Òwe kejì ń rán ọmọdé létí pé ẹni tí ó ṣáájú òun dé ilé ayé ti rí ohun tí òun kò tí ì rí. Inú ilé kan náà ni a ti ń kọ́ ọmọ Yorùbá ní ẹ̀kọ́ méjèèjì: kí ó má purọ́, kí ó sì bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó jù ú lọ. Ní ọjọ́ tí ara bá rọ okùn, tí ó rọ adìẹ, ẹ̀kọ́ méjèèjì a máa rìn pọ̀ láìjà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò pàdé lójú ọ̀nà tóóró, tí ọ̀kan yóò sì ní kí èkejì yà fún òun. Kí ni ọmọlúàbí yóò ṣe lọ́jọ́ náà?

Bóyá ni iṣẹ́ kan wà tí ìbéèrè yìí ti ń yára kan ènìyàn bí iṣẹ́ olóòtú jọ́nà, èyíinì ni ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn onímọ̀ fi ń gbé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde. Olóòtú tuntun kì í pẹ́ lórí àga rẹ̀ kí ó tó kàn án. Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan tí kì í ṣe ìtàn ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọ̀dọ́bìnrin olùkọ́ kan ń gbé ní Gadumo, ní ìlú Lókọ́jà, níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núè ti pàdé. Kò tí ì pé ọdún márùn-ún tí ó ti ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan. Olóòtú jọ́nà ẹ̀ka wọn fẹ̀yìn tì, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́. Ó kó àwọn ìwé náà wálé, ó tẹ́ wọn sórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Àpilẹ̀kọ mẹ́fà ni ó wà níbẹ̀. Mẹ́rin kò ní wàhálà nínú. Ìkarùn-ún jẹ́ ti ọ̀gá àgbà kan tí ó kọ́ ọ ní yunifásítì, tí ó kọ ìwé ẹ̀rí fún un nígbà tí ó ń wá iṣẹ́, tí ó sì dúró bíi baba fún un ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Baba náà ń retí ìgbéga. Àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo ni ó kù kí tirẹ̀ pé. Àwọn aṣàyẹ̀wò méjì ti ka iṣẹ́ náà láìmọ ẹni tí ó kọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì sì sọ: ó ju ìdajì iṣẹ́ náà lọ tí ó ti jáde rí nínú ìwé ẹlòmíràn, kò sì sí ibi tí a ti dárúkọ ẹni tí ó ni í. Ìkẹfà jẹ́ ti olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní abúlé àwọn Òwórò. Orúkọ ewé, orúkọ ẹja àti orúkọ ìgbà nínú ẹ̀ka-èdè Òwórò ni ó kó jọ, bí ó ti gbọ́ wọn lẹ́nu àwọn ìyá àgbà. Àkọtọ́ rẹ̀ kò gún, kò sì mọ bí a ti ń tọ́ka sí ìwé tí a kà. Síbẹ̀ àwọn aṣàyẹ̀wò náà kò rí ibòmíràn tí a ti kọ ohun tí ó kọ sílẹ̀ rí. Èwo ni kí ó tẹ̀? Èwo ni kí ó dá padà? Ẹnu wo ni yóò sì fi sọ fún baba?

Bí Iṣẹ́ Olóòtú Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a mọ ohun tí iṣẹ́ yìí wà fún. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta ọdún 1665 ni Henry Oldenburg, ọmọ Jámánì kan tí ó fi Lọ́ńdọ̀nù ṣe ibùgbé, tẹ ẹ̀dà kìíní Philosophical Transactions jáde. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tí a ń pè ní Royal Society. Ṣáájú àkókò náà, lẹ́tà ni àwọn onímọ̀ fi ń sọ ohun tí wọ́n rí fún ara wọn. Ẹlòmíràn a sì máa fi ìmọ̀ rẹ̀ pamọ́, kí ẹnikẹ́ni má ba à gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Oldenburg ń kó lẹ́tà wọn jọ, ó ń kọ ọjọ́ tí iṣẹ́ dé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń tẹ̀ wọ́n sí gbangba. Láti ìgbà náà ni ó ti di àṣà pé ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbé ìmọ̀ rẹ̀ wá sójú ọjà ni a ń gbà pé ó ni í. Iṣẹ́ náà kò rọrùn fún un. Ní ọdún 1667, nígbà tí Ìlú Ọba ń bá àwọn ará Họ́láńdì jagun, wọ́n fura sí àwọn lẹ́tà tí ó ń kọ sí òkèèrè, wọ́n sì tì í mọ́lé nínú Tower of London fún bí oṣù méjì.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859. Ìwé ìròyìn ni, kì í ṣe jọ́nà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń tò ó jọ ti mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí a yan ọ̀rọ̀ kan, kí a sì fi òmíràn sílẹ̀. Ní Ìbàdàn, jọ́nà Odù bẹ̀rẹ̀ ní 1955, Black Orpheus sì tẹ̀lé e ní 1957. Nígbà tí ó yá, àwọn ẹ̀ka èdè Yorùbá ní yunifásítì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tiwọn jáde, àwọn mìíràn sì ń fi Yorùbá pọ́ńbélé kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nínú ọ̀pọ̀ jọ́nà, ìlànà kan náà ni ó ti wá fẹsẹ̀ múlẹ̀. Olóòtú a gba iṣẹ́, a yọ orúkọ òǹkọ̀wé kúrò lára rẹ̀, a sì fi í ránṣẹ́ sí ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà. Àbọ̀ wọn ni òun àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ yóò gbé yẹ̀ wò kí wọ́n tó pinnu. Ìlànà yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá, nítorí wọ́n máa ń sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Kò sì sí ohun tí ó burú nínú pé a yọ orúkọ kúrò: bí a bá ti mọ ẹni tí ó sọ̀rọ̀, etí wa kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ mọ́.

Ẹjọ́ Àwọn Tí Ó Ní Kí A Tẹ̀ Ẹ́

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò le: kí olóòtú tẹ iṣẹ́ baba. Kí òǹkàwé má ṣe rò pé òmùgọ̀ ni àwọn tí ó ń sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹjọ́ wọn ní ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Lọ́nà kìíní, baba yìí ni ó tọ́ ọmọ náà dé ibi tí ó dé, Yorùbá kò sì fẹ́ràn aláìmoore. Lọ́nà kejì, àwọn aṣàyẹ̀wò kì í ṣe òrìṣà. Wọ́n lè ṣì, wọ́n sì lè jowú. Lọ́nà kẹta, àjọgbé ni ilé ẹ̀kọ́. Olóòtú tí ó bá ń fi kálàmù gún àgbà lójú yóò rí i láìpẹ́ pé kò sí ẹni tí ó fẹ́ bá òun jókòó. Lọ́nà kẹrin, èyí tí ó sì ń wọ ọ̀pọ̀ ènìyàn létí jù lọ, ènìyàn mélòó ni ó máa ń ka jọ́nà? Bí a bá tẹ àpilẹ̀kọ náà, baba yóò gba ìgbéga rẹ̀, yóò rí owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ san, ìwé náà yóò sì sùn sórí pẹpẹ. Ta ni ó pa lára?

Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà, nítorí bí kò bá sí ẹni tí ó fara pa, a jẹ́ pé ìwà ìkà lásán ni kí a dá iṣẹ́ baba padà.

Ta Ni Ó Fara Pa?

Ní oṣù kejì ọdún 1998, The Lancet, ọ̀kan nínú àwọn jọ́nà ìṣègùn tí ó lórúkọ jù lọ láyé, tẹ àpilẹ̀kọ kan tí dókítà Andrew Wakefield àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọdé méjìlá péré ni wọ́n yẹ̀ wò. Ohun tí ará ìlú gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó ń dènà èèyi, ṣègede àti rubella lè fa ipò tí a ń pè ní autism. Ẹ̀rù ba àwọn òbí. Ọ̀pọ̀ kò gbé ọmọ wọn lọ gba abẹ́rẹ́ mọ́, èèyi sì padà wá sí àwọn ibi tí ó ti ń lọ tán. Ìwádìí tí àwọn ẹlòmíràn ṣe ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ kò rí nǹkan kan tí ó ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Nígbà tí ó yá, a rí i pé wọ́n ti yí àkọsílẹ̀ nípa àwọn ọmọ náà padà. Oṣù kejì ọdún 2010 ni jọ́nà náà tó fa àpilẹ̀kọ náà padà pátápátá. Ọdún méjìlá gbáko! Yorùbá ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ iye ọmọ tí yóò ti dùbúlẹ̀ àìsàn kí òtítọ́ tó dé.

Ẹnìkan lè sọ pé jọ́nà ìṣègùn ni ìyẹn, pé kò sí ẹni tí àpilẹ̀kọ lórí oríkì tàbí lórí gírámà yóò pa. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka àwọn tí ó fara pa ní Gadumo. Ẹni àkọ́kọ́ ni ẹni tí ó ni iṣẹ́ tí baba kó. Bóyá ọdún mẹ́wàá ni onítọ̀hún fi rìn láti abúlé dé abúlé kí ó tó rí ohun tí ó kọ, ọ̀sán gangan ni a ó sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kejì ni olùkọ́ mìíràn tí òun náà ń retí ìgbéga, tí ó ń fi òógùn ojú ara rẹ̀ kọ̀wé, tí yóò sì rí i pé ọ̀nà kúkúrú wà tí òun kò gbà. Ẹnì kẹta ni akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò ṣí jọ́nà náà ní ilé ìkàwé, tí yóò tọ́ka sí baba gẹ́gẹ́ bí orísun ìmọ̀ náà, tí yóò fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní ogún ọdún òní. Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Èyí tí a bá sì ti tẹ̀ sínú ìwé, ibi gbogbo ni ó ń fọ́ sí.

Ẹnì kẹrin ni jọ́nà náà fúnra rẹ̀. Èrò pé kò pa ẹnikẹ́ni lára ni ó bí àwọn jọ́nà ayédèrú tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n gba owó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé, kí wọ́n sì tẹ ohunkóhun tí ó bá kó wá. Jeffrey Beall, olùtọ́jú ilé ìkàwé ní yunifásítì kan ní ìlú Denver ní Amẹ́ríkà, to orúkọ irú àwọn jọ́nà bẹ́ẹ̀ jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún títí ó fi mú un kúrò níta ní 2017. Wọn kò tán nílẹ̀ títí di òní. Kò pọn dandan kí jọ́nà gba owó kí ó tó dà bíi wọn. Ojúrere pẹ̀lú lè jẹ́ owó.

Ẹ̀bi Àwọn Tí Ó Ń Pariwo Òtítọ́

Ṣùgbọ́n kí àwọn tí ó wà ní apá kejì má tí ì máa jó. Ọ̀pọ̀ olóòtú ni ó ń fi òtítọ́ bo ìgbéraga mọ́lẹ̀. Wọ́n á fi ọ̀rọ̀ gbígbóná dá iṣẹ́ padà, ó sì ń dùn mọ́ wọn nínú. Wọ́n á ní iṣẹ́ kò dára, wọn kò sì ní í sọ ibi tí kò ti dára. Èyí tí ó tún burú ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé wọ́n á gbé iṣẹ́ ẹlòmíràn sábẹ́ àpótí fún ọdún méjì láì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Yorùbá ti jìyà irú ìdákẹ́ báyìí rí. Ní ọdún 1897 ni Samuel Johnson, pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́, parí ìwé ìtàn Yorùbá tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ lẹ́nu àwọn arọ́kin àti àwọn àgbà. A fi àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní Ìlú Ọba, ó sì sọnù sọ́hùn-ún. Johnson kú ní 1901 láìfojú kan ìwé rẹ̀. Àbúrò rẹ̀, dókítà Obadiah Johnson, jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù nílẹ̀, ó sì tún ìwé náà kọ. Ní 1916, wọ́n fi í sínú ọkọ̀ òkun Appam. Ọkọ̀ náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jámánì nítorí Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ lọ́wọ́, wọ́n sì darí rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Àfọwọ́kọ náà pàpà dé ọwọ́ òǹtẹ̀wé. Obadiah kú ní 1920. Ọdún 1921 ni The History of the Yorubas jáde, ọdún mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn tí a ti kọ́kọ́ parí rẹ̀. Nígbà náà, ẹni tí ó kọ ọ́ àti ẹni tí ó tún un kọ ti sùn nínú ilẹ̀.

Ogun ni ó mú àfọwọ́kọ ti 1916. Kò sí ogun lójú òkun nígbà tí ti àkọ́kọ́ sọnù. Ọwọ́ àwọn tí a fi í ṣọ́ ni ó ti sọnù. Bí kì í bá ṣe pé ó ní àbúrò tí ó ní sùúrù, ìmọ̀ ọ̀pọ̀ àgbà ìbá ti bá a wọlẹ̀. Èyí fi hàn pé iṣẹ́ tí ó wà lórí tábìlì olóòtú kì í ṣe tirẹ̀. Ẹrù ẹlẹ́rù ni. Òǹkọ̀wé gbé e fún un kí ó bá òun ṣọ́ ọ. Òǹkàwé sì ń dúró ní òdìkejì odò pé kí ó kó èyí tí ó jẹ́ ojúlówó wá. Kò ní ẹ̀tọ́ láti fi ẹrù náà ta ọrẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ẹ̀tọ́ láti jù ú sómi.

Iṣẹ́ Olùkọ́ Abúlé

Bí ó ti ṣòro láti kọ iṣẹ́ àgbà, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rọrùn láti kọ iṣẹ́ ẹni tí a kò mọ̀. Olùkọ́ ọmọ Òwórò yẹn kò ní oyè ọ̀mọ̀wé. Kò sí ẹni tí yóò bínú bí a bá dá iṣẹ́ rẹ̀ padà. Nítorí náà gan-an ni ó fi yẹ kí olóòtú kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọdún 1854, Sigismund Koelle, míṣọ́nnárì ọmọ Jámánì, tẹ ìwé kan tí ó pè ní Polyglotta Africana. Ní Freetown, ní ilẹ̀ Sàró, ni ó ti jókòó ti àwọn tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú. Ó ń bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kọ ọ́ bí ẹnu wọn ti pè é. Ó ya ti Òwórò sọ́tọ̀, ó ya ti Ìyàgbà sọ́tọ̀, ó ya ti Ìjẹ̀bú, ti Ìjẹ̀ṣà àti ti Oǹdó sọ́tọ̀. Bí ó bá ti pa gbogbo wọn pọ̀ di ọ̀kan nítorí kí ìwé rẹ̀ lè dára lójú, kí ni ìwé náà ìbá ṣe fún wa lónìí?

Ìdẹwò olóòtú ni láti tún iṣẹ́ ṣe títí yóò fi di tirẹ̀. Àtúnṣe dára, ó sì ní ìlànà. Àjàyí Crowther, tí ó bá àwọn òyìnbó gòkè Odò Ọya dé ibi tí odò méjì yìí ti pàdé ní 1841, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń jiyàn lórí àkọtọ́, títí ìjọba fi fọwọ́ sí èyí tí à ń lò ní ilé ẹ̀kọ́ ní 1974. Àkọtọ́ yìí ni kí olóòtú fi tún àlàyé olùkọ́ náà kọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ tí ó gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá àgbà, kí ó má fọwọ́ kàn wọ́n. Bí ará Èkìtì bá pe ilé ní “ulé”, tí olóòtú sì fa igi lé e, tí ó kọ “ilé”, kò tún nǹkan kan ṣe. Ó pa ẹ̀rí run ni. Kí ó kọ̀wé sí olùkọ́ náà, kí ó kọ́ ọ bí a ti ń tọ́ka sí ìwé, kí ó ní kí ó kọ orúkọ abúlé àti ọjọ́ tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Kí ó sì rí i pé orúkọ olùkọ́ náà nìkan ni ó wà lókè iṣẹ́ náà, bí ó ti wù kí àtúnṣe ti pọ̀ tó. A máa ń sọ pé bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, à fi ti ọmọ jẹ́ ẹ. Olóòtú rere ni ẹni tí ó gba iṣẹ́ tí ó wá láìgún, tí ó sì jẹ́ kí ó gún láìgbà á lọ́wọ́ ẹni tí ó ni í.

Ọ̀nà Àbáyọ

Kí ni kí olóòtú Gadumo wá ṣe nípa iṣẹ́ baba?

Ohun tí ó yẹ kí ó ti ṣe ní ọjọ́ tí ó gba iṣẹ́ ni pé kí òun àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ kọ òfin jọ́nà sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣí àpilẹ̀kọ kankan: iye aṣàyẹ̀wò, iye ọjọ́ tí òǹkọ̀wé yóò fi dúró kí ó tó gbọ́ èsì, ohun tí a ó ṣe bí a bá rí iṣẹ́ tí a jí kọ. Òfin tí a bá ṣe lẹ́yìn tí ẹjọ́ ti dé, ojú ẹnìkan ni yóò máa wò. Èyí tí a bá ti ṣe ṣáájú kò mọ ọmọ yàtọ̀ sí baba.

Lẹ́yìn èyí, kí ó yẹra fún ìdájọ́ náà. Kì í ṣe nítorí ìbẹ̀rù. Ẹni tí baba ṣe lóore kò lè dá a láre kí ayé gbà á gbọ́, kò sì lè dá a lẹ́bi kí ọkàn òun fúnra rẹ̀ balẹ̀. Kí ó gbé iṣẹ́ náà àti àbọ̀ àwọn aṣàyẹ̀wò fún ẹni méjì mìíràn nínú ìgbìmọ̀, kí wọ́n fi í wé ìwé tí a ní ó ti jáde nínú rẹ̀, kí wọ́n sì pinnu bóyá ìgbàgbé ni tàbí olè. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ó ṣeé ṣe kí àwọn aṣàyẹ̀wò ṣì í ní tòótọ́. Bí wọ́n bá ṣì í, kí a tẹ iṣẹ́ náà. Bí wọn kò bá ṣì í, kí a má tẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n bí ó bá kan kí a sọ fún baba, kí ó má ṣe fi í ránṣẹ́, kí ó má sì fi ìwé pélébé dá a lóhùn bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Kí ó lọ sí ilé rẹ̀, kí ó kúnlẹ̀, kí ó kí i bí ó ti máa ń kí i, kí ó sì sọ ọ́ láàárín àwọn méjèèjì: “Ẹ jọ̀wọ́, bàbá, àwọn ìgbìmọ̀ rí i pé ọ̀pọ̀ ohun tí ó wà níhìn-ín ti wà nínú ìwé kan tí ó ti jáde ṣáájú. Wọn kò lè tẹ̀ ẹ́ báyìí. Ẹ bá mi gbà á padà, kí ẹ yọ èyí tí í ṣe tiyín gan-an, kí ẹ sì dárúkọ ẹni tí ó ni ìyókù. Bí ẹ bá mú tiyín wá, a ó tún fi í ránṣẹ́ bí ti gbogbo ènìyàn.” Ọ̀rọ̀ rere ni í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ni í yọ ọfà lápó. Eékún ni à ń kún fún àgbà. Kálàmù kì í kúnlẹ̀.

Òǹkàwé lè bi pé ṣé ọ̀wọ̀ kò wá di ìkíni lásán báyìí, tí a kúnlẹ̀ fún ènìyàn tí a sì kọ ohun tí ó fẹ́ fún un? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ọmọdé ni à ń tàn pé oògùn dùn kí ó lè gbé e mì. A kì í tan àgbà bẹ́ẹ̀. Bí a bá tẹ iṣẹ́ tí a mọ̀ pé kò dára fún àgbà, tí a sì rẹ́rìn-ín sí i, ohun tí a ń sọ ní ìkọ̀kọ̀ ni pé kò lè gbọ́ òtítọ́, pé kò lè tún ara rẹ̀ ṣe, pé ó ti tán. Àbùkù wo ni ó tún ju ìyẹn lọ? Ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún ní tòótọ́ ni a gbà gbọ́ pé ó lè gbọ́ òtítọ́, kí ó sì dúró. Ojú ọ̀nà tóóró ni ọ̀wọ̀ àti òtítọ́ ti pàdé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó nílò láti yà fún èkejì; èké ni ó gba ibẹ̀ tí ó ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀wọ̀.

A kò ní í tan ẹnikẹ́ni pé kò ní í ná olóòtú ní nǹkan kan. Baba lè bínú. Ó lè má dáhùn ìkíni rẹ̀ mọ́ fún ìgbà pípẹ́, ìgbéga tirẹ̀ náà sì lè pẹ́ nítorí rẹ̀. Òtítọ́ a máa kùtà lóòótọ́, àwọn àgbà kò sì purọ́ fún wa lórí ìyẹn. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí àwọn tí ó gbé ọmọdé sórí àga olóòtú dúró tì í ní ọjọ́ ìjì. Bí wọ́n bá gbé e síbẹ̀ tí wọ́n sì sá lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ni wọ́n ta òtítọ́, kì í ṣe òun.

Ìkádìí

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni kò ní í di olóòtú jọ́nà láé. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ní í gba ìwé ọmọ ọlọ́mọ sọ́wọ́ kí ó máa fi yíǹkì pupa yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ olówó yóò wà níbẹ̀, ọmọ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yóò wà níbẹ̀, ọmọ tí kò ní bàtà lẹ́sẹ̀ yóò wà níbẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá ń fún ọmọ ọ̀gá ní máàkì tí kò tọ́ sí i, tí ó sì ń ju ìwé ọmọ tálákà sí kọ̀rọ̀ láìkà á, ti ń ṣe ohun tí olóòtú burúkú ń ṣe, bí kò tilẹ̀ tẹ ìwé kankan jáde. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ láti orí tábìlì tí ó wà níwájú rẹ̀: kí ó ka iṣẹ́ náà tán, kí ó tètè dáhùn, kí ó sọ òtítọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, kí ó sì dá ẹrù ẹlẹ́rù padà fún ẹni tí ó ni í.